Dò, Re, Mí: Ibi tí Ìtàn Orin Ti Bẹ̀rẹ̀ fún Ọmọ Ilé Ẹ̀kọ́ Girama

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ̀yìn ni mo fẹ́ kí a jọ wò lónìí. Ọ̀rọ̀ mi dá lórí ẹ̀kọ́ kan tí ó ń kú díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama wa, èyí ni ẹ̀kọ́ nípa ìtàn orin àti mímọ rírì orin.

Iṣẹ́ olùkọ́ orin ni mo ń ṣe. Ohun tí mo sì ń rí lẹ́nu iṣẹ́ náà ni pé akẹ́kọ̀ọ́ lè ka ọdún tí wọ́n bí Bach àti ọdún tí ó kú láìkọsẹ̀, 1685 sí 1750, kí ó má sì tíì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ẹyọ orin kan tí Bach ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ kan náà lè kọ ìtumọ̀ àpàlà àti ti sákárà sínú ìwé ìdánwò, ṣùgbọ́n bí a bá fi àwo orin méjèèjì sí i létí, kò ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó ti há ìtàn orin sórí, orin gan-an ni kò gbọ́. Bí ìdánwò bá sì ti parí, gbogbo rẹ̀ a fò lọ bí ìkúùkù.

Èrò tèmi ni pé etí ni ìtàn orin ti ń bẹ̀rẹ̀. Etí ọmọ Yorùbá kì í sì í ṣe òfìfo nígbà tí ó bá wọ kíláàsì. Èdè rẹ̀ ti kọ́ ọ ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ mìíràn ní láti kọ́ ní àkọ́tán. Bí a bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìtàn yóò yé e, yóò sì dé ọ̀dọ̀ Bach pàápàá.

Ohùn èdè àti ohùn orin

Gbogbo ẹni tí ó bá kọ́ èdè Yorùbá ní ilé ìwé ni ó mọ dò, re, mí. Dò ni ohùn ìsàlẹ̀, re ni ohùn àárín, mí ni ohùn òkè. Bí olùkọ́ bá kọ ọ̀rọ̀ sójú pátákó, àwọn ọmọ a kọ ọ́ lórin kí wọ́n tó fi àmì ohùn sí i. Ọkọ, re re. Ọkọ́, re mí. Ọkọ̀, re dò. Ọ̀kọ̀, dò dò. Ọkùnrin tí ó fẹ́ obìnrin, irin iṣẹ́ àgbẹ̀, ohun ìrìnnà àti ohun ìjà: ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó máa ń bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí dò, re, mí yìí ti wá. Inú ẹ̀kọ́ orin ni ó ti wá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, olùkọ́ obìnrin kan tí ń jẹ́ Sarah Glover wá ọ̀nà tí ọmọdé yóò fi lè máa ka orin láìsí wàhálà. John Curwen, tí ó gbé ayé láti ọdún 1816 sí 1880, tún ọ̀nà náà ṣe, ó sì tàn án kálẹ̀. Àwọn ajíhìnrere gbé e lọ sí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n lọ, nítorí pé ẹgbẹ́ akọrin tí kò ní dùùrù, tí kò sì mọ ìwé orin onílà márùn-ún kà, lè fi í kọ́ orin ohùn mẹ́rin. Báyìí ni ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn olùkọ́ èdè wa sì rí i pé ohun tí a fi ń wọn orin dára láti fi wọn ọ̀rọ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ nìyí. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àmì tí wọ́n ń fi sórí ọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ ní ìtàn, àti pé ìtàn náà jẹ́ ti orin.

Nígbà tí orin àjèjì pàdé ọ̀rọ̀ wa

Ní ọdún 1846 ni àwọn ajíhìnrere ìjọ C.M.S. fi Abẹ́òkúta ṣe ibùjókòó. Àwọn Sàró, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú tí wọ́n sì gba òmìnira ní Sierra Leone, ti ń padà bọ̀ wálé ṣáájú àkókò náà. Samuel Àjàyí Crowther wà lára wọn. Iṣẹ́ ìtumọ̀ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe kò kéré. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1884, odindi Bíbélì ti wà ní èdè Yorùbá. Wọ́n túmọ̀ orin ìsìn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orin nìkan ni wọ́n túmọ̀. Wọ́n fi ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ bí ó ṣe wà.

Ẹ jẹ́ kí n fi gbólóhùn kan tí mo máa ń lò ní kíláàsì ṣe àpẹẹrẹ. Mo máa ń kọ ọ́ sójú pátákó pé: Ìyá mi ra ọkọ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ ọ́ ní orin tí ohùn rẹ̀ gòkè ní ìparí, bí ti ọ̀pọ̀ orin Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá á ra ọkọ́. Lẹ́yìn náà, mo máa ń ní kí wọ́n kọ ọ́ ní orin tí ohùn rẹ̀ dúró sójú kan ní ìparí. Ìyá á ra ọkọ! Ẹ̀rín a sọ. Bí ẹ̀rín bá ti rọlẹ̀, mo máa ń sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n ń rín yìí ni àwọn baba ńlá wọn ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n sì ń di ojú nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́.

Ìṣòro kejì tún wà níbẹ̀. Orin ìsìn Gẹ̀ẹ́sì a máa ní ẹsẹ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ohùn kan náà ni a sì fi ń kọ gbogbo wọn. Bí atúmọ̀ bá tilẹ̀ ṣe orí ire, tí ọ̀rọ̀ ẹsẹ kìn-ín-ní bá ohùn orin mu, báwo ni ti ẹsẹ kejì yóò ṣe bá a mu, nígbà tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yàtọ̀? Nínú orin ìbílẹ̀ wa, bí ọ̀rọ̀ bá yí, ohùn a yí tẹ̀lé e. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti fi etí gbọ́ èyí ti mọ ìyàtọ̀ pàtàkì kan láàárín àṣà orin méjì, kò sì há ohunkóhun sórí.

Ibí yìí ni ìbéèrè ìtàn ti máa ń jáde lẹ́nu àwọn ọmọ fúnra wọn. Kí ló dé tí wọ́n fi gbà láti máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀pọ̀ ajíhìnrere gbà pé ti òrìṣà ni ìlù wa, wọn kò sì fẹ́ ẹ nínú ilé Ọlọ́run. Àwọn Sàró ti fi orin wọ̀nyí dàgbà ní Sierra Leone, ó ti di tiwọn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì ti mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà láti inú ìwé, nítorí náà bí etí kò bá gbọ́ ọ, ojú á rí i. Kò sí ọ̀kan nínú ìdáhùn wọ̀nyí tí ó jẹ́ ìwà òmùgọ̀. Mo máa ń tẹnu mọ́ èyí, nítorí ìtàn kì í ṣe ilé ẹjọ́ tí a ti ń dá àwọn òkú lẹ́bi.

Àwọn tí wọ́n dá ohùn padà fún ọ̀rọ̀

Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń parí lọ, àwọn ọmọ ìjọ kan ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìjọ tí yóò jẹ́ ti ọmọ ilẹ̀. Native Baptist Church yapa ní ọdún 1888, United Native African Church bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1891, African Church sì tẹ̀lé e ní ọdún 1901. Ọ̀rọ̀ àṣẹ àti ipò ni ó pọ̀ nínú ìjà náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orúkọ, aṣọ àti orin kò gbẹ́yìn. Nígbà tí ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1925, orin àtẹ́wọ́ àti ìlù wọ inú ìsìn pẹ̀lú ariwo ayọ̀.

Láàárín àwọn tí wọ́n dúró sínú ìjọ àtijọ́ pàápàá, àwọn kan ń ṣe iṣẹ́ náà wọ́ọ́rọ́wọ́. Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, tí ó gbé ayé láti ọdún 1855 sí 1930, ń ṣe orin ìsìn tí ohùn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ mu, ó sì ń fi wọ́n wàásù ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ní ọdún 1922, ó kọ orin mẹ́tàlélógójì sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí mo bá sọ fún àwọn ọmọ pé bàbá bàbá Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ni àlùfáà yìí, ojú wọn a là.

Ẹni tí ó wá sọ ìmọ̀ náà di ìwé ni Thomas King Ẹkúndayọ̀ Phillips. Ọdún 1884 ni wọ́n bí i. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1911 sí 1914, ó sì padà wálé láti di atẹ-dùùrù àti ọ̀gá akọrin ní Cathedral Church of Christ ní Marina, Èkó, ipò tí ó wà títí di ọdún 1962. Ó gbọ́ Handel, ó gbọ́ Bach, ó sì gbọ́ bí ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe ń kú sínú orin Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1953 ni ìwé rẹ̀ *Yoruba Music* jáde, níbi tí ó ti ṣe àlàyé bí ohùn ọ̀rọ̀ àti ohùn orin ṣe jẹ́ ìbejì nínú àṣà wa, àti bí olórin ṣe lè tẹ̀lé ọ̀kan láìpa èkejì. Ó kú ní ọdún 1969.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọdé tí wọ́n kọrin lábẹ́ rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé (1905–1987). Ṣówándé gba oyè Fellow nínú ẹgbẹ́ àwọn atẹ-dùùrù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1943. Ó mú orin ìbílẹ̀ Yorùbá kan, ó sì fi ṣe *Oyígíyigì* fún dùùrù. Ó sì ṣe *Folk Symphony* fún òmìnira Nàìjíríà ní ọdún 1960. Ayọ̀ Bánkọ́lé (1935–1976) àti Akin Euba (1935–2020) tẹ̀ lé e. Ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1960, Dúró Ládípọ̀, tí òun náà jẹ́ olùkọ́ ilé ìwé, mú ìlù wọ inú orin Ọdún Àjíǹde tí ó ṣe fún ìjọ rẹ̀. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ó gbé orin rẹ̀ jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí ó sì di ọdún 1963, *Ọba Kò So* ti dé orí ìtàgé.

Bí a ṣe ń ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Bach

Àwọn kan lè rò pé mo fẹ́ kí a ti orin òyìnbó sẹ́yìn. Rárá o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀nà tí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ wà nítòsí ju bí a ti rò lọ. Ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 1524, àwọn ìwé orin àkọ́kọ́ ti Martin Luther jáde, kí àwọn ará ìjọ lè máa kọrin ní èdè abínibí wọn dípò Látìnì. Òun náà mọ̀ pé kò tó láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ kí a sì fi ohùn àtijọ́ sí i. Ohùn orin gbọ́dọ̀ bá bí èdè Jámánì ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ mu. Ní nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn náà, Bach mú àwọn orin ìjọ wọ̀nyẹn, tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ láti kékeré, ó sì fi wọ́n ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ ńláńlá.

Èdè Jámánì kì í ṣe èdè olóhùn bíi tiwa, ṣùgbọ́n ìṣòro tí Luther dojú kọ àti èyí tí Phillips dojú kọ jẹ́ ọmọ ìyá. Mo máa ń fi *Oyígíyigì* Ṣówándé síwájú, kí n tó fi orin dùùrù Bach tí ó dá lórí orin ìjọ tẹ̀ lé e. Mo máa ń bi wọ́n pé, níbo ni orin tí gbogbo ènìyàn mọ̀ wà nínú èyí? Wọn a wá a, wọn a rí i. Láti ọjọ́ náà, Bach kò jẹ́ ọdún méjì tí a kọ sínú ìwé mọ́.

Ìta ṣọ́ọ̀ṣì: àwo orin gẹ́gẹ́ bí ìwé ìtàn

Kì í ṣe gbogbo ọmọ kíláàsì mi ni ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìtàn orin wa kò sì dúró síbẹ̀. Etí kan náà ni a fi ń ka àwọn yòókù. Nínú sákárà irú èyí tí Yusuf Ọlátúnjí kọ, ẹ ó gbọ́ gòjé, ohun èlò olókùn kan tí ń sunkún tẹ̀ lé olórin, àti ìlù pẹlẹbẹ tí a fi amọ̀ ṣe òrùka rẹ̀. Nínú àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá (1919–1983), kò sí gòjé. Agídìgbo ń dún nísàlẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ìlù ń dáhùn. Nínú fújì Síkírù Àyìndé Barrister (1948–2010), ìlù pọ̀ yanturu. Inú wéré ni ó ti wá, orin tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí àwọn Mùsùlùmí lóru Ràmàdáànì láti jẹ sààrì. Ọmọ tí ó bá mọ èyí kò tún ní máa há ìtumọ̀ sórí fún ìdánwò.

Jùjú ni mo fẹ́ràn jù láti fi kọ́ wọn bí nǹkan ṣe ń fa nǹkan nínú ìtàn. Nígbà tí Túndé King ń ṣe àwo ní ọdún 1936, ènìyàn díẹ̀ ni ẹgbẹ́ rẹ̀: bánjò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti ìlù kékeré tí a ń pè ní jùjú. Níbo ni gángan wà? Kò sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá lu gángan síbẹ̀, ta ni yóò gbọ́ bánjò tàbí ohùn olórin? Ọdún 1948 ni Àkànbí Ẹgẹ̀ mú un wọlé. Àkókò yẹn ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń dé. Nígbà tí ẹ̀rọ gbé ohùn àti gìtá sókè, àyè ṣí sílẹ̀ fún ìlù. Ohun òyìnbó ni ó ṣílẹ̀kùn fún ohun ìbílẹ̀! I. K. Dáíró sì gba ọ̀nà náà kọjá dé ibi tí ọba Gẹ̀ẹ́sì obìnrin fi fún un ní oyè MBE ní ọdún 1963.

Okùn kan tún wà tí mo máa ń ní kí wọ́n fà. Trinity College of Music tí Phillips lọ ní ọdún 1911 ni Akin Euba lọ, ibẹ̀ náà sì ni Fẹlá lọ ní ọdún 1958. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni ọ̀gá akọrin Marina, onímọ̀ ìlù dùndún àti ọ̀gá Afrobeat ti jáde. Ẹ ní kí àwọn ọmọ ṣe àlàyé bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ó rí i bí wọn yóò ti ronú.

Ọmọ Àyàn nínú kíláàsì

Ìdí pàtàkì tí mo fi ń kọ èyí nìyí. Ní ọdún kan, ọmọ ìdílé onílù kan wà ní kíláàsì mi. Kì í sọ̀rọ̀. Àmì orin onílà márùn-ún kò yé e, ó sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun kò mọ orin, òun tí wọ́n bí sínú ìlù! Nígbà tí a dé orí ẹ̀kọ́ dùndún, mo ní kí ó gbé gángan wá. Ó fi lu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, re re, ó sì ní kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ohun tí òun wí. Ọ̀kan ní ọmọ, èkejì ní ọkọ, ẹ̀kẹta ní ẹja, ẹlòmíràn ní ẹran. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo wọn ni wọ́n gbà á, àti pé nítorí èyí ni onílù kì í fi í lu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: gbólóhùn gígùn, oríkì àti òwe tí àwùjọ ti mọ̀, ni ó ń lù, kí ìtumọ̀ má baà sọnù.

Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ó fi sọ ọ́. Kò sí ibi tí mo ti rí i kí a ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì, kò sì pẹ́ tí àmì orin fi yé e, nítorí ó ti rí i pé ohun tí òun mọ̀ náà ni a ń kọ sílẹ̀.

Mo máa ń ronú nípa iye irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí ó ń jókòó ní ìdákẹ́jẹ́ káàkiri ilẹ̀ wa. Bí ẹ̀kọ́ orin bá kú, ọmọ náà yóò gbà pé ohun tí bàbá rẹ̀ fún un kì í ṣe ìmọ̀. Bí a bá sì kọ́ ọ lọ́nà tí kò kan etí, bákan náà ni yóò gbà.

Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa

Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi a máa wí pé kò sí dùùrù, kò sí owó, ìdánwò sì ti sún mọ́lé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn ọmọ kò náni lówó. Pátákó kan, fóònù kan tí ó ní orin mẹ́ta nínú, àti gbólóhùn kan tí ó ní ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ kí wọ́n tó kọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bi yín ní "kí ló dé?" kí ẹ tó sọ ọdún fún wọn. Ẹ rán wọn lọ sílé láti lọ béèrè orin tí ìyá àgbà ń kọ nígbà tí ó wà ní ọmọdé, kí wọ́n sì fi dò, re, mí kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé ìtàn tí ẹnì kan kò tíì tẹ̀ ni wọn yóò mú bọ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka èyí, ẹ má dúró de olùkọ́. Ẹ mú orin kan tí ẹ fẹ́ràn, ẹ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́nu lásán, kí ẹ tó tún un kọ lórin. Ẹ fetí sí ibi tí méjèèjì ti pàdé àti ibi tí wọ́n ti pínyà. Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn orin nìyẹn.

Kí Olódùmarè má ṣe jẹ́ kí etí wa di sí ohùn ara wa. Àṣẹ. Ire o.